Ẹnu Onísọ̀, Ọwọ́ Oníbàárà: Ìtàn Ìpàtẹ Ọjà Lójú Ọ̀nà Bàdágírì

Kọ̀ńdọ́ tó bá ń pe èrò ní Mile 2 kì í pe orúkọ ọgbà ìpàtẹ ọjà tó wà ní Ọ̀jọ́ ní kíkún. "Tiréèdì Féà! Tiréèdì Féà, ẹ mú ṣéńjì yín dání o!" ni yóò máa ké, tí ọwọ́ rẹ̀ á máa lu ara bọ́ọ̀sì gbà, gbà, gbà. Kò sí èrò tí yóò bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ ra bàtà, ẹni tó ń wá báàgì, ẹni tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ dákú tó ń wá òmíràn, gbogbo wọn ló mọ ibi tí wọn yóò ti bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọgbà náà ti kó lọ sí Erékùṣù Èkó. Orúkọ ló kù, ọjà ojoojúmọ́ sì ti gba ilé.

Bí a ṣe ń dúró níwájú ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí a ó gbé ọjà kalẹ̀ fún un, tí òun náà á sì fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí àpò, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ilẹ̀ tó ti Ọ̀jọ́ lọ dé Ìbà, tó fi já sí Òkokomáíkò, ti kọ́ ọ ní ọ̀nà méjì láàárín nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba: ó ní gbọ̀ngàn, ó ní àsíá, ó ní ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Èkejì jẹ́ ti onísọ̀, tí kò ní ju ẹnu, ọwọ́ àti wáyà iná lọ. Ti onísọ̀ yìí ló ṣì wà lórí ilẹ̀ náà.

Kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé, omi ni ọ̀nà. Àwọn Àwórì ló tẹ Ọ̀jọ́ àti Ìbà dó, àwọn Ègùn sì ni aládùúgbò wọn lápá Bàdágírì. Ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń kó ẹja àti àgbọn gba ojú ọ̀sà lọ sí ọjà. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, ìpàtẹ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Obìnrin tó ń ta ẹja tútù mọ̀ pé ẹja náà ni yóò jẹ́rìí fún ara rẹ̀. Yóò dá ojú rẹ̀ sí òkè kí ó lè máa dán, yóò ṣí etí rẹ̀ kí oníbàárà wo bí inú ibẹ̀ ṣe pọ́n tó, bí oníbàárà bá sì fẹ́ tẹ ẹran ara rẹ̀ wò, kò ní gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹja òun, àná ni ẹja náà ti kú, gbogbo ọjà ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń kiri ní tirẹ̀ ní láti fi ohùn ṣe ojú fún àwọn tó wà nínú ilé. Wọn kò rí igbá tó rù. Orin ni yóò fi sọ fún wọn bí ohun tó wà nínú igbá ṣe gbóná tó, bó ṣe dùn tó, àti ohun tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá ka ìpolówó ọjà mọ́ ewì alohùn wa, ibi tó sì tọ́ sí i nìyẹn. Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Àgúnmu ni oògùn tí a gún lódó, tí a ń fi ẹ̀kọ mu. Wọn ò pe ìpolówó ní òwò, oògùn ni wọ́n pè é. Ara ní láti wà kí oògùn tó ràn án. Lẹ́yìn ìpolówó ni ìnájà, lẹ́yìn ìnájà ni èènì, ìwọ̀nba díẹ̀ tí olójà fi lé ọjà kí ẹni tó rà á lè tún padà wá. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí ló ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé nǹkan kan ń jẹ́ ìpàtẹ ọjà àgbáyé.

Owó epo ló yí ilẹ̀ náà padà. Ní 1973, lẹ́yìn ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì, owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé, ìjọba ológun Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, ó ń la ọ̀nà, bí àgbẹ̀ tí òjò ń ṣú bọ̀ wá bá lóko. Símẹ́ńtì tí wọ́n rà láti òkè òkun pọ̀ débi pé ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sẹ́nu èbúté Èkó, tí wọn ò ríbi já ẹrù sí. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bàdágírì gba inú igbó àti àbàtà kọjá lọ sí Ṣẹ̀mẹ̀, níbi ẹnubodè. Ní 1975 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní ìjàpá, lẹ́bàá ọ̀nà yìí, ní Ọ̀jọ́. Ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó. Ọ̀nà Bàdágírì ló lọ sí Kútọnu, òun ló lọ sí Lomé, òun ló lọ sí Àkra. Bí a bá fẹ́ pe gbogbo ìhà yìí wá wo ọjà, ibo la tún fẹ́ pàtẹ rẹ̀ sí?

Energoprojekt, ilé-iṣẹ́ ará Yugoslavia tó fìdí kalẹ̀ sí Belgrade, ni ìjọba gbé iṣẹ́ kíkọ́ ọgbà ìpàtẹ náà fún. Nǹkan kan wà nídìí rẹ̀. Yugoslavia wà lára àwọn tó ṣagbátẹrù ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí kò gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà, tí kò sì gbè sẹ́yìn Rọ́ṣíà; Belgrade ni wọ́n ti ṣe àpérò àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ náà ní 1961. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé wọn sì ń wá iṣẹ́ kiri Áfíríkà, wọ́n ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ṣe ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Zoran Bojović ni ayàwòrán-ilé tó ya ọgbà náà. Nǹkan bí 350 hẹ́kítà ni ilẹ̀ rẹ̀. Pápá bọ́ọ̀lù bí 500 ni yóò gbà. Wọ́n fi kọnkéré àti irin kọ́ gbọ̀ngàn sínú rẹ̀, èyí tó tóbi débi pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà kan yóò máa wo ẹni tó wà ní ìkangun kejì bí ọmọdé. Iṣẹ́ náà gbayì débi pé ní 2018, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Yugoslavia, ọgbà Ọ̀jọ́ wà lára ohun tí wọ́n fi han ayé. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra rọ́bà ìfọṣọ níbẹ̀ lónìí ò tíì gbọ́ èyí rí, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́.

Ọdún àlejò ni 1977 jẹ́ fún Èkó. Oṣù Kìn-ín-ní àti ìkejì ni FESTAC, àsè àṣà àwọn ènìyàn dúdú, kó gbogbo ayé wá. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣí ìpàtẹ ọjà àgbáyé àkọ́kọ́ ní Ọ̀jọ́. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló wà lórí oyè nígbà náà. Fún àwọn ará Ọ̀jọ́ àti Ìbà tí baba wọn ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ ná Èkó, ìran tuntun gbáà ni. Ayé tó jẹ́ pé òwò ló ń mú wọn lọ bá a ló wá ń ná ọjà lójúlé wọn.

Orúkọ Èkó ti kọ́kọ́ dé ìpàtẹ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 1886, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, ní London, ọjà láti Èkó wà níbẹ̀. Ní 1924, ní Wembley, wọ́n mọ odi bí ti àwọn ìlú Hausa yí apá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ká kí àwọn òyìnbó lè wọ inú rẹ̀ lọ wòran. Nínú méjèèjì yìí, àwọn mìíràn ló ń pàtẹ wa. Oṣù Kẹwàá 1960, nígbà òmìnira, ni Nàìjíríà pàtẹ ara rẹ̀ ní Victoria Island. Ti 1977 ju ìyẹn lọ: àwa la ni ilé, àwa la pe àlejò, àwọn tó ń pàtẹ wa tẹ́lẹ̀ sì ń wá sanwó àyè láti pàtẹ níwájú wa. Kò sí bí ẹni tó mọ ìtàn yìí ṣe máa wọ ọgbà náà lónìí tí ọkàn rẹ̀ ò ní wúwo.

Irú ìpàtẹ ńlá bẹ́ẹ̀ ní agbára tirẹ̀. Ní 1854, ní New York, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha Otis dúró lórí pèpéle kan tí okùn gbé kọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn ìpàtẹ, ó sì ní kí wọ́n gé okùn náà. Wọ́n gé e. Pèpéle náà yọ díẹ̀, ìjánu tó ṣe sí i lára mú un, ó dúró. Ẹ̀rù ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń ba àwọn èèyàn títí di ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti gbà pé ó ṣeé gùn. Otis lè fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé bí irin rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tí àwọn tó ń wo ń bẹ̀rù ni òun gbọ́dọ̀ ṣe lójú wọn.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa wà. Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi tí àwòrán rẹ̀ wà lára owó ogún náírà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìmọ̀kòkò Abuja, ní ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ní 1972 ó bá Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí Amẹ́ríkà, ó ń mọ ìkòkò lójú àwùjọ káàkiri. Kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí fún irú ìkòkò yìí. Ìkòkò ló máa ń dúró sójú kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí i po, tí á máa to amọ̀ lé amọ̀, tí á máa fi ọwọ́ dán an bó ṣe ń rìn. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ìgbà tí ìkòkò bá fi dé àyà, kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀ mọ́.

Àìsàn kan wà tó máa ń bá ìpàtẹ tí ìjọba bá gbé kalẹ̀ fínra, níbi gbogbo lágbàáyé. Ọ̀rọ̀ ìkíni á gùn. Ẹni tó ń ka bébà á máa wo bébà. Wọ́n á gbé ọjà sínú gíláàsì, wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ìwé pélébé aláràbarà á kún ọwọ́ èrò, àwọn ọmọ á sì fi í ṣe ọkọ̀ òfurufú kí wọ́n tó délé. Ilé tó dára kò lè wo àìsàn yìí sàn, bó ti wù kí Bojović mọ ilé í yà tó. Obìnrin tó ń ṣí etí ẹja ní etí ọ̀sà ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nǹkan le. Ìjọba Ààrẹ Shagari ṣòfin ìṣọ́wóná ní 1982, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọgbà tí wọ́n fi owó epo kọ́ nílò owó epo láti máa tún un ṣe. Ọ̀nà Bàdágírì bàjẹ́, gosiló rẹ̀ di àrósọ. Ẹni tó fẹ́ lọ wo ìpàtẹ láti Ìkẹjà tàbí Surulérè ń fi ìdajì ọjọ́ sójú ọ̀nà. Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó, LCCI, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1888, ló wá ń ṣètò ìpàtẹ náà, àwọn náà ló sì padà kó o lọ sí Tafawa Balewa Square láàárín Erékùṣù Èkó, ilẹ̀ tó jẹ́ pápá eré ẹṣin nígbà kan, níbi tí wọ́n ti fa àsíá òmìnira sókè ní 1960. Ìjọba àpapọ̀ fi ọgbà Ọ̀jọ́ lé aládàáni lọ́wọ́ ní 2007, wọ́n tún gbà á padà lẹ́yìn náà.

Àwọn tó wọlé ò dúró de ìjọba. Àwọn oníṣòwò ọjà Balógun tí àyè ti há mọ́ ní Erékùṣù kó dé, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, BBA. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ẹ̀rọ kó dé lábẹ́ ẹgbẹ́ tiwọn, ASPAMDA. Ibi tí wọ́n pilẹ̀ fún ìpàtẹ ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún di ìpàtẹ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. Ó dunni pé gbọ̀ngàn bàjẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ràn ilé dáadáa yóò ké sí ìjọba pé kí wọ́n tún un ṣe. Síbẹ̀, bí a bá ní kí á sọ òtítọ́, òwò tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lọ́dún kan lónìí, irú rẹ̀ ni àwọn tó ṣí i ní 1977 ń lálàá rẹ̀.

Ọjà Àlàbá ni ilé ẹ̀kọ́ gíga fún iṣẹ́ ìpàtẹ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń ta rédíò àti ẹ̀rọ orin kúrò ní ìhà Ajégúnlẹ̀ wá dó sí Ọ̀jọ́, ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí ọgbà ìpàtẹ, tí wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ọjà àgbáyé láìsí ayàwòrán-ilé kankan láti Belgrade. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Ìgbò, àṣà ìkọ́ṣẹ́ òwò wọn ló sì fìdí ọjà náà múlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá mú wá láti ilé yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ọ̀gá á sì dá òwò sílẹ̀ fún un nígbà tó bá gbòmìnira. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó máa ń kọ́ kì í ṣe ìṣirò. Ẹnu ìsọ̀ ni wọ́n máa ń ní kó dúró sí, kí ó mọ bí a ṣe ń pe èrò tó ń kọjá, kí ó mọ ẹni tó wá rajà yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń ṣeré kiri. Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò ní ìsọ̀ rárá, tí wọ́n ń pè ní oso ahia: ẹnu wọn ni ìsọ̀ wọn. Wọn á pàdé oníbàárà lójú ọ̀nà, wọn á mú un lọ síbi tí ohun tó ń wá wà, èrè wọn á sì wà lórí owó tí wọ́n bá pè.

Bí ẹnì kan bá dúró lẹ́nu irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, ohun tí yóò rí kò ní jìnnà sí èyí. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló rán wọn wá ra lausipíkà. Ọmọ tó ń tajà kò tíì ju ogún ọdún lọ. Ìgbò ni, Yorùbá ló sì fi kí wọn: "Mọ́mì, ẹ káàsán mà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó." Ó nu orí àga kó tó gbé e fún ìyá. Kò tíì pe owó, kò tíì dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mélòó ló ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì? Inú ilé ni àbí abẹ́ àtíbàbà? Ṣé jẹnẹrétọ̀ ńlá ni wọ́n ń lò àbí kékeré? Ìgbà tó gbọ́ èsì ló kọjá lára èyí tó tóbi jù lọ nínú ìsọ̀, ó lọ gbé èyí tó kéré sí i wá síwájú. Ìyá rí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ó ki wáyà bọ iná. Ó gbé orin sókè títí páànù òrùlé fi ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló yí i wálẹ̀ pátápátá, ó ní kí wọ́n tẹ́tí, kí wọ́n gbọ́ bóyá ẹ̀rọ ń kùn nígbà tí kò sí orin. Kò kùn. Ó fa gbohùngbohùn yọ, kò sọ̀rọ̀ sí i, ó nà án sí ìyá.

"Mọ́mì, ẹ bá mi sọ nǹkan sí i."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kí lòun fẹ́ sọ.

"Ẹ gbàdúrà bí ẹ ṣe ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìyá gbàdúrà. Ohùn rẹ̀ jáde lọ bá àwọn tó ń kọjá níta, àwọn méjì sì ṣe "Àmín" láti ojú ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ọmọ rẹ̀ béèrè pé èló ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ ní Àlàbá láti òwúrọ̀ di alẹ́: tẹ́ẹ̀sì. "Ẹ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀." Ìfura ló bí i. Ayédèrú wà lọ́jà, tòkunbọ̀ tí wọ́n tún kùn wà lọ́jà, ẹni tó bá sì ti ra ẹ̀rọ tí kò sọ̀rọ̀ rí kò ní gba páálí gbọ́ mọ́. Nítorí náà ni kò ṣe sí ìsọ̀ tí kò ní ojú iná tí wáyà rẹ̀ gùn dé ìta. Kàkà kí olójà máa bínú sí ìfura oníbàárà, ó sọ ọ́ di ara ìpàtẹ rẹ̀. Ìbẹ̀rù ẹni tó ń rà ló kọ́kọ́ ń wá, Otis náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí pèpéle rẹ̀.

Ní Ìyànà Ìbà, nítòsí ọgbà LASU tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1983, ẹni tó ń ta òkìríkà kò ní iná, kò sì ní àga. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń bá a rà, owó wọn ò pọ̀, ojú wọn sì mú. Yóò fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ láti inú òkìtì, yóò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, yóò nà án sójú oòrùn. Bí ihò bá wà lára rẹ̀, oòrùn yóò gba ibẹ̀ yọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ihò yẹn kí oníbàárà tó rí i. Bó bá sì rí i, yóò jù ú sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré tó bá ṣe èyí, ẹni tó ń wò ó kò ní yẹ ìkẹta wò kínníkínní mọ́.

Oníoògùn inú mólúè náà yẹ kí a rántí, torí ọ̀nà yìí ni ọ̀kan nínú ibi tó ti fi ẹnu jẹun jù. Kí dáńfó àti bọ́ọ̀sì kéékèèké tó gba ọ̀nà Òkokomáíkò kan, mólúè ló ń kó èrò, ìjókòó díẹ̀, ìdúró púpọ̀. Oníoògùn kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ó ń dúró kí wọ́n wọ gosiló, kí kọ̀ńdọ́ gba owó tán, kí gbogbo ariwo rọlẹ̀. Àdúrà ló fi ń bẹ̀rẹ̀: kí ọkọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀, kí ọ̀nà má ṣe gbẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí kò ní ṣe àmín sí ìyẹn. Lẹ́yìn àmín, yóò béèrè ta ni ẹ̀yìn ń dùn láàárọ̀, ta ni kò rí oorun sùn, ta ni ẹsẹ̀ ń ta. Àwọn èèyàn á máa mi orí. Títí di ìgbà yẹn, kò tíì dárúkọ oògùn kankan. Nígbà tó bá wá mú un jáde, kò ní gbé e sókè bí olùkọ́. Yóò fi í ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí dé ẹ̀yìn ọkọ̀, yóò ní wíwò kì í ṣe owó.

Òfin ilẹ̀ wa kò fàyè gba títa oògùn nínú ọkọ̀, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oògùn, sì bá irú wọn jà gidigidi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi oògùn tí kò ní orírun ba kíndìnrín ara wọn jẹ́. Ohun tó dunni ni pé irú ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sọ́wọ́ oògùn tí kò ṣeé fọkàn tán, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ojúlówó ọjà ń rán ọ̀dọ́ tí wọn ò kọ́ ní nǹkan kan lọ sí ibi ìpàtẹ, kí ó lọ jókòó sídìí tábìlì, kí ó máa tẹ fóònù.

Ní oṣù Kọkànlá, fún ọjọ́ mẹ́wàá, Tafawa Balewa Square máa ń kún. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ á wá, àwọn ilé ìfowópamọ́ á wá, àwọn ará Japan, India àti Ghana á wá. Ìsọ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípọn jù kọ́ ni èrò máa ń pọ̀ sí. Èrò máa ń pọ̀ níbi tí obìnrin kan bá ti gbé páànù ìdínǹkan kalẹ̀, tó fọ́ ẹyin sínú rẹ̀ láìda òróró, tó sì na ṣíbí sí ọkùnrin tó ń fura jù lọ láàárín àwọn tó ń wò: "Dádì, ẹ bá mi yí i." Dádì yí i. Ẹyin ò lẹ̀ mọ́ páànù. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa na ọrùn. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó ń kọjá lọ nínú irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ní fún òun ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ ìtàn ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ẹyin ló fọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má mọ orúkọ Ọ̀jọ́ mọ́ ìtàn ìpàtẹ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ẹnu ìsọ̀ ni.

Ojú irin ń bọ̀ sí ọ̀nà Bàdágírì báyìí. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2; Òkokomáíkò ni wọ́n ṣètò pé yóò parí sí, kìlómítà 27 lápapọ̀. Nínú àwọn ibùdó tó wà níwájú, ọ̀kan ń jẹ́ Tiréèdì Féà, ọ̀kan ń jẹ́ Volkswagen. Ìpàtẹ ti lọ, wọn ò sì to ìjàpá mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ wọ́n ti fi orúkọ méjèèjì sójú irin.

Nínú ọgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn oníbàtà kì í tètè palẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ṣì ń kọjá, ẹsẹ̀ wọn á sì máa falẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá dé iwájú ìsọ̀. Onísọ̀ mú bàtà kan, ó ká a láti ẹnu dé gìgísẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ kan ara wọn, ó tú u sílẹ̀, bàtà náà padà sí bó ṣe wà. Kò sọ nǹkan kan nípa awọ rẹ̀. Ó nà án sí ọkùnrin tó dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ká a wò."